Igbe Àgùntàn Tó Ń Dún Lẹ́yìn Wa

Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí ìgbọràn sí Ọlọ́run àti ìṣẹ́gun lórí ẹ̀ṣẹ̀, tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Dublin

  Òjò òní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nílé, síbẹ̀ ẹ jáde. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí a wá sọ̀rọ̀ ìyànjú, tí wọ́n sì ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wa tó ń jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn tí kò rí àyè wá lè kà á nílé.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ fara dà á fún wa. Inú Bíbélì ni a ó ti mú ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n gbèsè, irọ́ àti ìkùnsínú kò mọ ẹ̀sìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti kàn yín, ẹ mú un lọ sílé.

Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run rán Sọ́ọ̀lù ọba sí àwọn ará Ámálékì, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dá ohunkóhun sí. Sọ́ọ̀lù lọ, ó jagun, ó sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn àgùntàn tó sanra àti àwọn màlúù tó dára, ojú rẹ̀ kò lè kúrò lára wọn. Ó pa èyí tí kò níláárí, ó dá èyí tó dára sí. Ó dá Ágágì ọba wọn sí pẹ̀lú. Nígbà tí wòlíì Sámúẹ́lì dé, Sọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ sáré kí i, ó sì sọ fún un tayọ̀tayọ̀ pé òun ti ṣe gbogbo ohun tí Olúwa wí. Wòlíì kò bá a jiyàn. Ó kàn bi í léèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, igbe ẹran wo wá ni òun ń gbọ́ létí òun yìí?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ̀yin ará. Sọ́ọ̀lù kò kọ̀ láti lọ. Kò bú Ọlọ́run. Ìdajì ìgbọràn ló ṣe, ó sì fi ẹnu sọ ìdajì náà di odidi. Nígbà tí wọ́n mú un, ó ní àwọn fẹ́ fi àwọn ẹran náà rúbọ sí Olúwa ni. Sámúẹ́lì wá jẹ́ kó yé e pé Ọlọ́run kò wá ọ̀rá àgbò lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìjọba bọ́ lọ́wọ́ Sọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì jókòó lórí ìtẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa: nílẹ̀ tí a wà yìí, ṣé a kò gbọ́ igbe àgùntàn kankan lẹ́yìn wa?

A kò kẹ̀rẹ̀ nínú ìsìn ní Dublin. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 tí àwọn ènìyàn wa ti ń pọ̀ sí i níbí, a ti sọ ilé ìkẹ́rù-sí di ilé àdúrà, a ti sọ gbọ̀ngàn ilé ìwé àti yàrá ilé ìtura di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀ Sunday, a wẹ̀, a wọ aṣọ òkè, a sì wà nínú ìsìn ṣáájú àwọn tó sùn di ojúmọ́. A ń gbààwẹ̀, a ń ṣe àìsùn, a ń san ìdámẹ́wàá. Èyí dára. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n àwa yìí kan náà ni a máa ń sọ fún ọmọ ọdún méje pé, "Lọ sọ fún un pé Dádì ò sí nílé," nígbà tí ẹni tí a jẹ lówó bá kan ilẹ̀kùn. Àwa yìí kan náà ni a ń kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tí a ó sì ní ìlú òyìnbó ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwa ni a ń kọrin ní kọ́yà pẹ̀lú ẹni tí a kò kí láti ọdún méjì. Àwa ni a ń fún ṣọ́ọ̀ṣì ní owó tí ìyá tó bí wa ń retí ní ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn wa. Òótọ́ ni, Ó mọ̀ ọ́n. Ó sì ń gbọ́ àgùntàn náà pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ di onígbèsè tàbí onírọ́. Imú ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí a ó fi mọ̀, gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ti wà nínú oko iṣu.

Báwo wá ni a ṣe ń lé e jáde? Ibí yìí gan-an ni a ti fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. A kò ní lọ jìnnà. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ Custom House kọjá mọ afárá kan tó wà lórí odò Liffey níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ọ̀pọ̀ wa ti kọjá lórí rẹ̀ láìbèèrè ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Matt Talbot ni. Kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe ọ̀gágun, kì í ṣe olówó. Lébìrà ni.

Wọ́n bí Matt Talbot ní Dublin ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1856, nínú ìdílé tálákà tí ọmọ pọ̀ sí. Ó tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò, ibẹ̀ ló sì ti tọ́ ọtí wò. Kí ó tó pé ogún ọdún, ọtí ti di ọ̀gá lé e lórí. Owó iṣẹ́ tó bá gbà, ilé ọtí ló ń bá a lọ. Bí owó bá tán, a máa fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dógò. Nígbà kan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí fáólínì, ìyẹn gòjé àwọn òyìnbó, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi í ṣeré ní ìgboro láti fi wá oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n tà á, wọ́n sì fi owó rẹ̀ mutí.

Ní ọdún 1884, nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá tí kò ṣiṣẹ́, kò sì sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé tí àwọn òṣìṣẹ́ gbowó, ó lọ dúró sí ìtòsí ilé ọtí, ó ń retí pé àwọn tí òun ti máa ń rà fún yóò pe òun wọlé. Wọ́n kọjá lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó yí padà, ó gba ilé lọ, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mutí mọ́. Ìyá kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe jẹ́ ẹ bí kò bá ní mú un ṣẹ. Ó lọ bá àlùfáà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Clonliffe, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ oṣù mẹ́ta.

Ẹ gbọ́ o, oṣù mẹ́ta péré. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó tún ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Ìgbà tó yá ló wá jẹ́ ẹ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó sì mú un ṣẹ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, títí di ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún 1925, tó ṣubú lulẹ̀ ní Granby Lane bó ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì kú. Ní ọdún 1975, Póòpù Paul Kẹfà kéde rẹ̀ ní ẹni ọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Seán McDermott Street ni òkú rẹ̀ wà.

Àwọn tí kì í ṣe Àgùdà nínú wa lè máa rò ó pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Lóòótọ́, ó ṣe àwọn ohun tí a kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe. Ọjọ́ tó kú ni wọ́n rí ẹ̀wọ̀n irin lára rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n yẹn ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ohun mẹ́rin mìíràn ni.

Èkínní, ó sọ ọ́ síta. Kò dá a gbé mọ́ra. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún àlùfáà. Àpọ́sítélì Jákọ́bù náà gbà wá níyànjú pé kí a máa jẹ́wọ́ fún ara wa, kí a sì máa gbàdúrà fún ara wa. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ dà bí iná orí: bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Orí ni kí a ṣí, kí ẹni tó fẹ́ràn wa bá wa wò ó.

Èkejì, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣèlérí ńlá lálẹ́ ọjọ́ ìparí ọdún, tí orin àti omijé bá pọ̀. Kí oṣù Kejì tó parí, ìlérí ti fọ́, a ó sì ní bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Matt Talbot fi oṣù mẹ́ta dán ara rẹ̀ wò, nínú oṣù mẹ́ta náà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń jà. Oúnjẹ òòjọ́ ni Olúwa kọ́ wa láti máa bèèrè. Ìgbọràn náà, ti òòjọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ó dí ọ̀nà tí ẹ̀ṣẹ̀ ń gbà wọlé, kò sì fi àyè náà sílẹ̀ lófo. Kò gbé owó sápò mọ́ bó bá ń rìn nígboro, kí ẹsẹ̀ má bàa yà sílé ọtí. Ní àárọ̀ kùtùkùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ó ti bá a. Jésù sọ ìtàn ilé kan tí a gbá mọ́ tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, bí ẹ̀mí tó jáde ṣe padà dé pẹ̀lú méje mìíràn tó burú ju òun lọ. Ẹni tí tẹ́tẹ́ orí fóònù ń dà láàmú, kó fa káàdì ìgbowó rẹ̀ lé aya rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń tú àṣírí, kó dín jíjókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfófó kù. Èyí kì í ṣe ojo. Jósẹ́fù sá fún ìyàwó Pọ́tífárì, ó fi aṣọ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè é ní ojo.

Ẹ̀kẹrin, ó san án padà. Ó wá àwọn tó jẹ ní gbèsè kàn, ó sì san owó wọn. Ní ti ọkùnrin onífáólínì, ó wá a káàkiri Dublin, kò rí i. Owó tí ì bá fi san án, ó fi ṣe Máàsì fún un. Sákéù náà, lọ́jọ́ tí Jésù wọ ilé rẹ̀, kò dúró lórí orin ìyìn nìkan. Ó ṣèlérí láti dá ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìrònúpìwàdà tí kò dé àpò, kò tíì dé ọkàn.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbọràn láàrin àwa Yorùbá, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún P.W.D., ẹ̀rọ náà kọṣẹ́, ó sì gbọ́ ohùn tó ń pè é láti lọ wàásù. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, àwọn tó lọ sí i kò sì níye. Irú ìgbọràn báyìí ni a máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ẹ̀rọ yóò dúró mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, kò ní sí ohùn láti òkè, kò ní sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ìwé gbèsè kan ni yóò wà lórí tábìlì, tàbí nọ́ńbà fóònù kan tí a kò fẹ́ pè. Ọlọ́run tó pe Babalọlá náà ló ń pè wá nídìí ìwé gbèsè yẹn.

Ẹ má sì ṣe gbọ́ ọ bí ẹni pé agbára wa ni a ó fi ṣe é. Pọ́ọ̀lù tó jẹ́ àpọ́sítélì kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé ohun rere tí òun fẹ́ ṣe kọ́ ni òun ń ṣe, ohun búburú tí òun kórìíra ni òun ń bá ara òun nídìí rẹ̀. Ó ké, ó ní ta ni yóò gba òun? Ó sì rí ìdáhùn nínú Jésù Kristi. Ẹni tó bá rò pé òun lè dá ẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣánlẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì jókòó tẹtẹrẹ tó ní oore-ọ̀fẹ́ yóò ṣe é, yóò jókòó pẹ́. Ọlọ́run ló ń fún wa ní ẹsẹ̀. Àwa la ó rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti wa báyìí, nítorí kò yẹ kí àgbà dúró síbí kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwa méjìlá kan nínú ẹgbẹ́ yìí dá àjọ. Igba yúrò ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, ẹni tó bá kàn a sì kó €2,400. Ọwọ́ àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni ìwé àjọ wà. Arákùnrin kan kó tirẹ̀ ní oṣù kẹta. Ó dá ti oṣù kẹrin. Láti oṣù karùn-ún, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò gbé fóònù, kò wá sí ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ ni igba yúrò ṣe dín nínú owó ẹni mẹ́jọ tí kò tíì kó, €1,600 lápapọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ohun tí a ṣe. A pè é lólè. A sọ ọ́ níbi ìkómọ, a sọ ọ́ níbi ọjọ́ ìbí, a sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Ó ní ọmọ méjì tó ń wá kọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbá wọn ṣẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ náà kò wá mọ́. Ibo ni àwọn ọmọ wa ti gbọ́ ọ? Nídìí oúnjẹ alẹ́ tiwa ni.

Nígbà tó tó ọdún kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, arákùnrin náà kan ilẹ̀kùn ilé wa. Àpòòwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, €80 ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ìyá òun tó wà nílé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú ni owó àjọ tí òun kó bá lọ, àti pé lẹ́yìn oṣù kan péré ni iṣẹ́ ìgbálẹ̀ tí òun ń ṣe bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní òun kò wá ṣàwáwí. Ní oṣù àkọ́kọ́, ojú ti òun láti sọ ọ́. Ní oṣù kejì, ìtìjú náà ti di méjì. Nígbà tó yá, ó di ògiri. Ó ní òun kò lè san án lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òun yóò máa mú ọgọ́rin yúrò wá lóṣooṣù. Ó bẹ̀ wá pé kí a kọ orúkọ àwọn ẹni mẹ́jọ náà fún òun, kí òun lè máa gbàdúrà fún ẹni tí òun ń san tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ ó bi wá pé kí ni a ṣe. A kò ní kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ni a ti ka owó náà lójú rẹ̀, òjò sì ń pa á. A kọ ọ́ sínú ìwé, a ní ó dàbọ̀. Lẹ́yìn tó lọ tán ni ìyá àwọn ọmọ bi wá léèrè pé kí ló gbé e wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ilé rẹ̀ kò ju ibùdó bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ sí tiwa. A ti ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri gbogbo Dublin fún ọdún kan, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa mọ́kànlá tó rin ibùdó bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ bi í pé, "Àbúrò, ṣé kò sí nǹkan?"

Jésù pàṣẹ nínú Ìwé Mátíù, orí kejìdínlógún, pé bí arákùnrin wa bá ṣẹ̀ wá, kí a kọ́kọ́ lọ bá a, àwa àti òun nìkan. Àṣẹ ni. A mọ̀ ọ́n, a ti fi wàásù fún ẹlòmíràn rí. A kò ṣe é. Owó wa ni a rí, a kò rí arákùnrin wa. Lóru ọjọ́ náà, igbe àgùntàn kò jẹ́ kí a sùn.

Ogún oṣù ló fi san án, kò fo oṣù kan. Ní oṣù kejì tó mú owó wá, a ti gbé àga sílẹ̀ dè é. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. A lọ sílé rẹ̀, a bẹ ìyàwó rẹ̀, a sì bẹ àwọn ọmọ náà lójú bàbá wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Ti ọ̀tún nìkan ni a lò fún odidi ọdún kan, ohun tó sì bàjẹ́ kò tíì tún ṣe tán. Ọmọ kékeré padà wá kọ́ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò padà. Bí a bá kí i títí dòní, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì mọ ìdí rẹ̀. Onífáólínì tiwa nìyẹn, tí a ṣì ń wá.

Arákùnrin náà fún wa láyè kí a sọ ìtàn yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n pé kí ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé. Ìdí pàtàkì wà tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la máa ń rí bí ilẹ̀ yìí ṣe ń ṣe ayẹyẹ Patrick Mímọ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta. Patrick fúnra rẹ̀ kọ ìwé kan nípa ayé rẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún. Ó sọ níbẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí òun dá nígbà tí òun tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó di pé wọ́n jí òun gbé wá sí Írẹ́lándì bí ẹrú. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n hú u jáde láti fi bá a ṣẹjọ́, ọ̀rẹ́ tó finú hàn yẹn gan-an ló sì dà á. Bí àwa náà bá ń tú àṣírí ẹni tó jẹ́wọ́, ta ni yóò tún jẹ́wọ́ láàrin wa? A ó kàn máa kọ́ ara wa bí a ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ ni.

Patrick yìí kan náà, lẹ́yìn tó ti sá kúrò lóko ẹrú, tó ti padà dé ilé bàbá rẹ̀, ló gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu, tó padà wá sọ́dọ̀ àwọn tó kó o lẹ́rú láti wàásù fún wọn. Àwa tí ibùdó bọ́ọ̀sì mẹ́ta jìnnà sí, ẹ jẹ́ kí a ronú sí i.

Ohun tí a fẹ́ bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀jẹ́ oṣù mẹ́ta ni Matt Talbot kọ́kọ́ jẹ́, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta náà ni ìwé ìròyìn wa ń jáde. Láti òní títí di ìgbà tí èyí tó ń bọ̀ yóò fi dé ọwọ́ yín, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú àgùntàn kan péré. Ẹ má mú mẹ́wàá. Bó jẹ́ gbèsè ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án, bó tilẹ̀ jẹ́ yúrò mẹ́wàá mẹ́wàá. Bó jẹ́ irọ́ inú fọ́ọ̀mù ni, ẹ wá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kó là yín lóye bí ẹ ó ṣe tún un ṣe. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bó jẹ́ ìkùnsínú ni, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn. Bó jẹ́ ọtí tàbí tẹ́tẹ́ ni, ẹ sọ fún ẹnì kan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ má dá a jà. Bó sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n jẹ ní gbèsè, ẹ gbé àga sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó lẹ́yìn, a mọ̀ pé ẹ̀yin ni a máa ń sọ pé kẹ́ ẹ gbọ́ràn. Láti òní lọ, ẹ máa wò wá bóyá àwa náà ń gbọ́ràn. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní kí ẹ lọ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn kò sí nílé, ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ rán wọn létí ọ̀rọ̀ àgùntàn. Wọn kò gbọdọ̀ nà yín. Àwa la ní kí ẹ sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run tó mọ ilé wa, tó sì mọ ohun tí a fi pamọ́ síbẹ̀, fún wa ní etí tó ń gbọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń rìn. Ohun tí a bàjẹ́ tí agbára wa kò ká mọ́, kí Ó bá wa tún un ṣe. Àwọn ọmọ tí ẹnu wa lé jìnnà, kí Ó bá wa pè wọ́n padà. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ìjókòó wa lórí ìtẹ́ tàn wá jẹ, nígbà tí ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.